Ṣé dandan ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù dábẹ́?

Arákùnrin mi, o ní o ti dàgbà kí o tó gba Ìsìláàmù, o ò sì tíì dábẹ́, o wá ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn rẹ ò pé. Fọkàn balẹ̀. Kálímà, ìyẹn gbólóhùn ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́, tí o ṣe ti sọ ọ́ di Mùsùlùmí. Kùránì ò dárúkọ ìdábẹ́. Inú hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì Muhammad, ló wà, wọ́n kà á pọ̀ mọ́ gígé èékánná àti irunmú. Nínú àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù, àwọn Ṣáfíì àti Háńbálì ní dandan ni fọ́kùnrin, àwọn Hánáfì àti Málíkì ní súnà ni, ìyẹn ohun tó dára láti ṣe àmọ́ tí kì í ṣe dandan. Ẹni 80 ọdún ni Ànábì Íbúráhímù nígbà tó dábẹ́, hádíìsì ló sọ bẹ́ẹ̀! Bí dókítà bá ní ó lè pa ọ́ lára, fi sílẹ̀. Jọ̀ọ́, má torí ìtìjú sá fún mọ́sálásí.