Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Oúnjẹ Abúlé Albáníà àti Èèwọ̀ Àwọn Júù

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé lórí byrek, páì pẹlẹbẹ alábala àwọn ará Albáníà, ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Ifẹ̀ àti Ìlẹ̀ṣà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè ohun tó da oúnjẹ yìí pọ̀ mọ́ àwọn Júù. Márùn-ún la mú.

*Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí Albáníà fi àwọn Júù pamọ́ sílé nígbà ogun Hitler. Kí ni wọ́n fún wọn jẹ? Ṣé oúnjẹ kan wà tí a lè nawọ́ sí pé ti Júù ni? — Olùkọ́ ìtàn, Lágere, Ilé-Ifẹ̀*

Òótọ́ lẹ gbọ́. Ítálì gba Albáníà ní oṣù kẹrin 1939, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án 1943. Síbẹ̀, nígbà tí ogun parí, Júù tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí ogun bá níbẹ̀ lọ. Ìdílé Mùsùlùmí àti Kristẹni ló gbà wọ́n sílé, wọ́n wọ aṣọ ará oko fún wọn, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ Mùsùlùmí. Refik Veseli, tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Tirana, olú ìlú Albáníà, kó Moshe Mandil, Júù kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aya àti ọmọ, lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Krujë. Ní 1987, Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Hitler pa, ní Jerúsálẹ́mù bu ọlá fún òun àti àwọn òbí rẹ̀. Besa ni wọ́n ń pe ohun tó mú wọn ṣe é: ẹ̀jẹ́ tí a kì í yẹ̀. Ohun tí wọ́n sì fi ń gba àlejò ni bukë, kripë e zemër, ìyẹn búrẹ́dì, iyọ̀ àti ọkàn.

Kì í ṣe ogun yẹn ló kọ́kọ́ mú Júù débẹ̀. Wọ́n ti hú àwókù sínágọ́gù kan jáde ní Sarandë tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún tàbí ìkẹfà. Lẹ́yìn tí Spéìn lé àwọn Júù rẹ̀ jáde ní 1492, àwọn kan tẹ̀dó sí Vlorë àti Berat. Àwọn mìíràn wá láti Ioannina, ìlú kan tó wà ní Gíríìsì lónìí, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má wá ọbẹ̀ tí orúkọ Júù wà lára rẹ̀. Ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ààrò kan náà. Ọ̀rá tí a fi se é ni kí ẹ máa wò, bóyá òróró ni tàbí bọ́tà, nítorí inú wàrà ni bọ́tà ti ń wá. Júù kì í se ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Ẹ́kísódù 23:19 ni wọ́n dì mú. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, ẹran tí a kò sì dúńbú bí òfin wọn ṣe wí, èèwọ̀ ni. Nílé Mùsùlùmí, ẹlẹ́dẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ohun tó kù tí àlejò lè jẹ láìdá èèwọ̀ kò kéré: bukë misri tí í ṣe búrẹ́dì àgbàdo, gjizë tí í ṣe wàrà kíkan rírún, ẹ̀wà, ólífì, ẹyin, àti turshi, ewébẹ̀ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ títí ó fi kan. Bí ebi tàbí ikú bá sì ń lé ènìyàn, òfin àwọn Júù fúnra rẹ̀ ní kí ó jẹ ohun tó bá rí kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́.

*Mo ṣe byrek ẹ̀fọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, òkè rẹ̀ le bí páálí. Mi ò ní ófùn, ìkòkò àti èédú ni mo lò. Kí ni kí n sì fi rọ́pò gjizë? — Ìyá Ìbejì, Mọ́dákẹ́kẹ́*

Ìyá Ìbejì, omi inú ẹ̀fọ́ ló dà yín láàmú, iná náà sì dá kún un. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fúláwà gíráàmù 500, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, òróró ṣíbí ọbẹ̀ 1, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi mílílítà 280. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10 títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá fo ìsinmi yìí, bó ti ń tẹ́ ẹ ni yóò máa sún kì padà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ya. Ẹ gé e sí 10. Ẹ tẹ́ márùn-ún tó abọ́ kékeré, ẹ fi òróró pa àárín wọn, ẹ tò wọ́n lé ara wọn, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá tẹ́ márààrún pa pọ̀ títí wọn yóò fi fẹ̀ ju páànù lọ díẹ̀. Ìgò òfìfo ṣe é fi tẹ́ ẹ. Márùn-ún ìyókù ni ìdérí.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, kílò 1. Ẹ má bọ̀ ọ́. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ wọ́n iyọ̀ ṣíbí tíì 1 sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Omi tó máa jáde yóò yà yín lẹ́nu. Òun ló sọ ìsàlẹ̀ tiyín di ẹ̀kọ. Fún gjizë, wàrà àwọn Fúlàní tí wọn kò tíì dín dára, gíráàmù 250. Ṣùgbọ́n kò níyọ̀, kò kan, omi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fún un gbẹ, ẹ rún un, ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì àti yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ṣíbí ọbẹ̀ 2 sí i, pẹ̀lú ẹyin 2 tí yóò so ó pọ̀. Bí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, elégédé ni kí ẹ rin. Àwọn ará Albáníà náà ń ṣe é, byrek me kungull ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ àti fífún kan náà ni.

Iná wá kù. Saç ni àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń lò, ìdérí irin tí wọ́n ń kó ẹyín iná lé lórí. Òkè ni iná ti ń wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ààrò tí páànù máa jókòó lé ti gbóná kó tó di pé wọ́n gbé e sí i, ìyẹn lẹ kò ṣe. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin tó nípọn, ẹ gbé e kaná fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó gbé páànù lé òkúta mẹ́ta nínú rẹ̀. Ìdá mẹ́ta ẹyín iná, ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lórí ìdérí. Ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí páànù òfìfo wò ná: bó bá pọ́n láàárín bí ìṣẹ́jú kan, ó tó, bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹ kó iná kúrò. Ìṣẹ́jú 40 sí 45 ni. Bí òkè bá ṣì le, ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ fi aṣọ bò ó fún ìṣẹ́jú 10.

Àwọn Júù tó wá láti Spéìn ní ìbátan rẹ̀: borekas kékeré, àti bulema tí wọ́n ń ká bí ìkarahun ìgbín. Ibi tí ọ̀rá ti ń sọ̀rọ̀ nìyí. Byrek oníwàrà, ẹ lè fi bọ́tà pa á. Bó bá jẹ́ ẹran ló wà nínú rẹ̀, òróró nìkan ni ilé Júù máa lò.

*Mo se tavë kosi fún àlejò. Yọ́gọ́ọ̀tì rẹ̀ yà sí ṣùkùṣùkù àti omi. Júù kan wà láàárín wọn, kò fọwọ́ kàn án. Kí ni mo ṣe? — Alásè, Ìsọ̀kùn, Ìlẹ̀ṣà*

Tavë kosi, oúnjẹ Elbasan, ìlú kan ní Albáníà, ni ẹran àgùntàn tí a bo pẹ̀lú yọ́gọ́ọ̀tì. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Èèwọ̀ àlejò yín gan-an lẹ gbé kalẹ̀ fún un, kì í ṣe ọwọ́ yín ló kọ̀. Irú wọn, ẹ bi í kí ẹ tó dáná, nítorí àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jẹ nínú ìkòkò tó ti se méjèèjì rí.

Yọ́gọ́ọ̀tì máa ń yà bí iná bá mú un láìsí ohun tó dì í mú. Fún ẹran kílò 1 tó ti jinná pẹ̀lú ìrẹsì gíráàmù 100, ẹ yọ́ bọ́tà gíráàmù 60, ẹ ro fúláwà ṣíbí ọbẹ̀ 3 sí i fún ìṣẹ́jú 2 láì jẹ́ kó pọ́n, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yọ́gọ́ọ̀tì kílò 1 tí kò tutù láti inú fíríìjì ni kí ẹ fi pò ó díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹyin 5 tí ẹ ti lù. Ẹ má lo èyí tó ní ṣúgà. Omi ẹran ife 1 péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ nínú páànù, kó sì ti lọ wọ́ọ́rọ́. Omi tó ń hó ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ófùn 180°C, ìṣẹ́jú 45, kí ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó gé e.

*Ọmọ ìjọ Sẹ́fẹ́ńtì-déè ni mí, a kì í dáná ní Sátidé. Kí ni àwọn Júù ń jẹ lọ́jọ́ náà? — Sábó, Ilé-Ifẹ̀*

Ohun tó bá yín lára mu ni huevos haminados àwọn Júù Spéìn, ẹyin tí a ń sè mọ́jú. Ẹyin tútù 12 tí kò sán, èèpo àlùbọ́sà bíi 10 (àwọn alálùbọ́sà yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́), iyọ̀ ṣíbí tíì 1, òróró ṣíbí ọbẹ̀ 2, omi tó ga ju ẹyin lọ ní ìka mẹ́ta. Ẹ gbé e kaná ní ọ̀sán Jímọ̀. Bó bá ti fẹ́ máa hó, ẹ fi eérú bo ẹyín iná kí ó máa rú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òróró tó léfòó ni kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ. Bí iná bá pọ̀, ẹyin yóò máa gbá ara wọn, wọn yóò sì sán. Funfun inú rẹ̀ yóò pọ́n bíi tíì.

*Ṣé petulla, ìyẹfun díndín àwọn ará Albáníà, kì í ṣe púfúpúfù wa lásán? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ifẹ̀*

Ó kù díẹ̀. Yọ́gọ́ọ̀tì máa ń wà nínú tiwọn, ṣúgà kì í pọ̀, wọ́n sì ń fi oyin tàbí wàrà jẹ ẹ́. Àwọn Júù Spéìn ní bimuelos, irú kan náà, tí wọ́n ń dín nígbà Hanukkah, ọdún àwọn Júù. Bí ẹ bá fẹ́ dín in bíi tiwọn, ẹ fi ṣúgà sórí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú òróró, ẹ má pò ó mọ́ ọn. Ṣúgà inú rẹ̀ ló máa ń mú kí òde dúdú nígbà tí inú ṣì tutù.