Èsì: Ìdí tí funfun fi yí onílù rẹ ká nínú géèmù

Àbúrò, o bèèrè ìdí tí funfun fi yí àwòrán onígángan tí o yà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ká nínú géèmù rẹ. JPEG, irú fáìlì àwòrán tí o fi í pamọ́ sí, ló fà á. JPEG kì í gba ojú òfìfo, ìyẹn ibi tí kò ní àwọ̀ kankan, tí ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán fi ń hàn. Pa ohun tó wà lẹ́yìn onílù náà rẹ́ nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún àtúnṣe àwòrán, kí o sì fi í pamọ́ bíi PNG, irú fáìlì tó ń gba ojú òfìfo. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má gé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan (àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ léra tó ń mú kó dà bíi pé ó ń lù) mọ́ ara onílù pẹ́kípẹ́kí o! Bí ìwọ̀n wọn bá yàtọ̀, ńṣe ni yóò máa fò síwá sẹ́yìn bó ṣe ń lù. Fún gbogbo wọn ní píksẹ́lì 128 × 128 (píksẹ́lì ni àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán), kí ẹsẹ̀ wà lójú kan náà. Tí o bá tò wọ́n sójú ewé kan, ìyẹn àwòrán ńlá kan tó gba gbogbo wọn, fi àlàfo píksẹ́lì 2 sáàárín, kí ọwọ́ èkíní má bàa yọ lára èkejì.