Ẹ dá iye owó onílù kí ọjọ́ ìnáwó tó pé

Arábìnrin wa tó ń múra ìgbéyàwó oṣù kejìlá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní bàbá yín ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná owó fún ìyàwó lójú agbo nítorí EFCC, àjọ ìjọba tó ń mú àwọn tó ń fọ́n owó, ìyá yín sì ní ìgbéyàwó tí wọn ò ti náwó, ìpàdé ẹgbẹ́ lásán ni. Ẹ wá ń béèrè ẹni tí ẹ máa gbọ́ tirẹ̀, àti ohun tí àwọn onílù máa jẹ tí wọn ò bá náwó.

Onílù ni mí. Gángan ni mo ń lù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóde, ní Ọ̀yọ́, ní Ìbàdàn, ní Èkó, níbi ìkómọ, níbi ìsìnkú, níbi ìwúyè. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó jẹ́ pé owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi níwájú ni mo fi ń jẹun tí mo fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, mo ní kí ẹ gbọ́ ti bàbá yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yín sẹ́yìn, nítorí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò sọnù, ó lè sọnù lóòótọ́.

Ti òfin kò gùn. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ló ní a kò gbọdọ̀ fọ́n náírà kiri, a kò sì gbọdọ̀ jó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀. Abala yẹn kan náà ló sọ títa náírà di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń ta ìdì owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń gbọ́ ọ tí a kò kà á sí. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ojú wa là, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní kí Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí owó fífọ́n, láìfún un láyè owó ìtanràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, oníbàárà mi mẹ́ta ló pè mí pé kí n má bínú, àwọn kò fẹ́ onílù mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, onílù àti owó fífọ́n ti di nǹkan kan náà. Ó dùn mí gan-an.

Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìlù ń pè ni, owó ń dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìpè yẹn ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jó sí i kò mọ̀.

Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Bí mo bá fún ọsán ara rẹ̀ mọ́ ìhà, ohùn á lọ sókè, bí mo bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Tí mo bá fi kọ̀ǹgọ́ pe Àdùkẹ́, dò dò mí ni. Àbẹ̀kẹ́ náà, dò dò mí. Àṣàkẹ́, dò dò mí. Àwọn obìnrin mẹ́ta lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó ṣì gbọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí onílù kì í fi í dúró lórí orúkọ. Á so oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn, á dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀, á pa òwe tó jẹ́ ti ìdílé yẹn nìkan, títí tí ẹnìkan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn á fi mọ̀ pé òun ni. Ẹni yẹn á dìde. Kò lè jókòó. Owó tó bá mú wá, èsì ni: mo gbọ́, èmi ni.

Ẹ wò ó, ayẹyẹ fúnra rẹ̀, ìnáwó ni a ń pè é. "Mo ní ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé," gbogbo wa la ń sọ ọ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa yọ owó kúrò nínú rẹ̀ pátápátá tí kò ní ṣe àwọn àgbà bákan. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé nìkan ni ẹ lè yí padà.

Mo ṣeré ìsìnkú àgbàlagbà kan ní Ìsẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn, nítòsí àwọn tó ń dáná, kò sẹ́ni tó kà á sí àlejò pàtàkì. Ẹnìkan sọ fún mi pé ọmọ Ìkòyí, ìdílé àwọn jagunjagun, ni wọ́n. Mo yí ìlù sí wọn: ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n ti ń gbọgbẹ́. Ìyá náà fi àwo sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n tú etí ìró, wọ́n mú náírà àádọ́ta kan jáde tí wọ́n ká sí mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú. Owó onírọ́bà tó dé ní 2009 yìí kì í fa òógùn mu bíi ti bébà àtijọ́, ńṣe ló máa ń yọ̀ bọ́, nítorí náà wọn ò gbé ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ wọn gbóná, ó ń rùn àlùbọ́sà. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó kì mí." Owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò ná an.

Níbi òde yẹn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti fọ́n ìdì igba náírà, ó dojú kọ ẹni tó ń ya fídíò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ìlù. Ọmọ wa ṣa owó náà, a pín in, a jẹ ẹ́. Mi ò lè sọ ojú rẹ̀ fún yín lónìí. Ti EFCC, ti irú ìyẹn ni. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní London ní dọ́là kan-kan ni wọ́n sábà ń ná lóde níbẹ̀, nítorí pọ́n-ùn márùn-ún ni owó bébà tó kéré jù tí Báńkì England ń tẹ̀. Ẹ rí i pé èèyàn lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kó ṣì máa wá nǹkan tó máa fi dá ìlù lóhùn.

Ní ti ohun tí onílù máa jẹ, oṣù kejì ọdún 2023 ló kọ́ mi. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ní igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí tuntun kò sì sí ní báńkì. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó ní kí a máa ná ti àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún. Àárín ìgbà yẹn ni ìdílé kan pè wá ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́fà ni. Wọn ò dá iye kankan, wọ́n ní "ẹ máa rówó ńbẹ̀." Mo gbà, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe gbà láyé tiwọn. A lùlù láti aago mọ́kànlá títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń gbé ọwọ́ òfìfo sókè síwájú mi, wọ́n ń ní kí n ka nọ́ńbà àkáǹtì, àwọn á fi ránṣẹ́. Mo kà á títí ohùn mi fi há. Ẹni méjì péré ló fi nǹkan ránṣẹ́. Kò tó owó ọkọ̀. Gángan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi dógò lọ́wọ́ awakọ̀ kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé mi lè délé, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó rí i gbà padà. Mi ò sùn dáadáa láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn.

Láti ìgbà yẹn, mi ò lọ sóde tí wọn ò dá iye owó mi. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ pe onílù yín nísinsìnyí, ẹ bi í léèrè iye èèyàn tó máa kó wá, ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye, ẹ san ìdajì sílẹ̀, kí owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún un gbangba pé kò sí fífọ́n owó lọ́jọ́ yẹn. Tó bá mọ̀ pé owó òun ti wà nílẹ̀, kò ní máa lé olówó kiri inú agbo, á ráyè kì àwọn tó yẹ kó kì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kan síwájú àga ìyàwó, kí alága ìjókòó kéde pé inú àpò ìwé ni kí kálukú fi owó rẹ̀ sí. Ẹni tí ìlù bá pè ló máa jáde. Kó dúró, kó gbọ́ oríkì rẹ̀ tán, kó tó ju àpò ìwé sínú apẹ̀rẹ̀. Ìdúró yẹn ni kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò. Mo ti ṣe é báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti 2024, lẹ́ẹ̀kẹta àwọn bàbá ń wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ṣé kò tíì kan àwọn ni. Ìyá yín ni kí ìlù kọ́kọ́ pè. Tí wọ́n bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní bá yín jiyàn mọ́.

Ohun kan ló kù, ó sì ń fẹ́ àkókò. Onílù kò lè kì ẹni tí kò mọ ìdílé rẹ̀. Ẹ lọ bá màmá àgbà yín, ẹ lọ bá ti ọkọ náà, láàárọ̀ tí ara wọn bá ṣì le, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ki ara wọn. Ẹ má dá wọn dúró, kódà tí wọ́n bá ń tún un sọ. Kí ó ti wà lọ́wọ́ onílù yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà.