Gbogbo Panther kọ́ ló jẹ́ ọ̀kan náà o: fún ẹni tó fẹ́ tú páàtì Crown Victoria 2004 sára Grand Marquis 2001

Àbúrò mi tó wà ní Houston, o ní o ti fẹ́ san owó Grand Marquis 2001 kan, pé ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ ní Crown Victoria 2004 kan tí wọ́n ti gbá nílẹ̀, tó ní kó o kó méjèèjì pọ̀ kó o máa tú ti 2004 lò fún 2001, torí pé Panther ni gbogbo wọn (orúkọ férémù abẹ́ tí Ford fi ṣe Ford Crown Victoria, Mercury Grand Marquis àti Lincoln Town Car), ohun tó bá wà lára ọ̀kan máa wọ ara èkejì. O wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ, má jẹ̀ẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi náà ní Chicago nígbà tí mo ń fi Town Car 2002 gbé èrò lọ sí O'Hare, pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, ojú mi sì rí màbo.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣẹ̀, torí tó ò bá mọ ìran ọkọ̀ yìí wọ́n á ta páàtì ìran mìíràn fún ọ. Lẹ́yìn tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dáwọ́ epo rọ̀bì dúró fún Amẹ́ríkà ní 1973, tí ìlà gùn nílé epo, ìjọba ṣòfin ní 1975 pé gbogbo ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan bá tà, tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ pọ̀, gbọ́dọ̀ máa rìn tó máìlì 18 lórí gálọ́ọ̀nù epo kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ọdún 1978, kó sì ga dé 27.5 fún ọkọ̀ ọdún 1985. Àwọn ọkọ̀ gbàgùdù ayé ìgbà yẹn ò lè dé bẹ̀. General Motors ló kọ́kọ́ gé tiwọn kúrú ní 1977, Ford wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú Panther ní 1979. Ford LTD àti Mercury Marquis ló kọ́kọ́ gùn ún, Lincoln dé ní 1980. LTD 1978, láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn, ínṣì 121 ni, ti 1979 bọ́ sí nǹkan bí 114. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n dín in kù ní ìwúwo, àmọ́ wọn ò yọ férémù abẹ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ṣì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ṣì ń tì í. Orúkọ ló wá pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀: Town Car dá dúró ní 1981, LTD Crown Victoria àti Grand Marquis ní 1983. Ọbàkan ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣe ìbejì. Town Car fi nǹkan bí ínṣì mẹ́ta gùn ju àwọn méjì yòókù lọ, ara tiẹ̀ sì dá yàtọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò lè wọ ti Crown Victoria kankan.

Ìran tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.6. Town Car gba ara tuntun ní 1990, ó gba 4.6 ní 1991, Crown Victoria àti Grand Marquis gba tiwọn ní 1992. Ní 1998 wọ́n tún yí ẹ̀yìn padà, wọ́n fi irin Watts sí i kí ìdí ọkọ̀ má bàa máa fì síbí sọ́hùn-ún. General Motors ti dáwọ́ Caprice, ọkọ̀ tiwọn tí ọlọ́pàá ń lò, dúró ní 1996, bó ṣe di pé Crown Victoria nìkan ló kù fún ọlọ́pàá nínú irú ẹ̀ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí i níbi gbogbo. Ní 2003 ni wọ́n wá tú iwájú férémù palẹ̀. Fi 2003 yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Crown Victoria tó kẹ́yìn jáde ní St. Thomas, Ontario, ní Kánádà, ní September 15, 2011, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Trọ́ọ̀kì kan ya wọ ọ̀nà mi ní Kennedy Expressway, ó gbá táyà òsì mi níwájú, lówà áàmù (irin tó di táyà mú lábẹ́) ká kò, àwọn irin sítíárìn tẹ̀, ṣùgbọ́n férémù ò ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán wá ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó dúró síbẹ̀ ó ń tẹ fóònù, ó ní ọkọ̀ ti kú, ó wá dá iye kan tí ò lè ra kẹ̀kẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ ní kí n má dààmú, kí n lọ ra odindi iwájú ọkọ̀ ní junkyard, ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, pé ó máa dín owó kù. Mo dé junkyard, mo sọ ọdún ọkọ̀ mi, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní Town Car 2002 kan wà nílẹ̀. Mo ní ṣé ó dá a lójú, ó mú mi lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fi sítíkà hàn mí, 10/02 ló wà níbẹ̀, ó ní ṣé mi ò rí 2002 ni. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tí ò kàwé ṣì ń dùn mí dòní. Ó tún wá fi kún un pé kò tiẹ̀ sí ìyàtọ̀, pé láti 1992 dé 2011 ọ̀kan náà ni, Panther ni Panther.

Irọ́ ni. 10/02 túmọ̀ sí pé oṣù kẹwàá 2002 ni wọ́n tò ó parí. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tò ní irú àsìkò yẹn? Ọkọ̀ 2003 ni ọkọ̀ náà. Ti 2003 sì rèé, wọ́n ti yọ sítíárìn bọ́kísì àtijọ́ tó máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù, wọ́n ti fi ráàkì (ọ̀pá eléyín tó ń yí táyà) sí i, ráàkì yẹn wà lórí ìjókòó alumíníọ̀mù ńlá kan tí àwọn áàmù náà so mọ́, odindi ẹ̀ máa ń tú kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Ó dára gan-an o, àwọn tó ń tún trọ́ọ̀kì F-100 àtijọ́ ṣe máa ń wá a lójú méjèèjì.) Ṣùgbọ́n ihò ẹ̀ àti ihò férémù 2002 ò pàdé níbì kankan. Kò lè pàdé láéláé.

Ṣé ṣọ́ọ̀bù náà wá pè mí kí wọ́n ní páàtì yìí ò wọ̀? Rárá o. Wọ́n ti tú tèmi palẹ̀, wọ́n ti ju lówà áàmù mi nù, wọ́n wá ń gé irin, wọ́n ń jó o mọ́ férémù kí áàmù 2003 lè dúró lára ẹ̀. Wẹ́dà! Lára ibi tó gbé táyà iwájú dúró, nínú ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi gbé ọmọ ọlọ́mọ lórí expressway! Mi ò mọ̀, èmi ò sí níbẹ̀, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ wọ́n gba owó. Ọkọ̀ ń fà sí òsì, wọ́n ní táyà ni, wọ́n ní kí n lọ ṣe alignment, ẹni tó ń ṣe alignment gbé e sókè, ó wo abẹ́ ẹ̀, ó mi orí, ó ní òun ò ṣe, kò sì sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Ìgbà tí mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò láísẹ́ǹsì ni inspẹ́kítọ̀ bọ́ sábẹ́ ẹ̀, ó jáde, ó lẹ sítíkà pupa mọ́ gíláàsì, ó ní ó ti kúrò lójú títì. Mo ní kí ni kí n ṣe, ó ní kí n ka ohun tó wà nínú ìwé. Kò sí nǹkan kan nínú ìwé náà ju pé ọkọ̀ ò yege. Mo lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní wíńdò kejì, wíńdò kejì ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ṣe é, ṣọ́ọ̀bù tó ṣe é ní junkyard ló jẹ̀bi, junkyard ní páàtì tí wọ́n bá ti jó wẹ́dà sí, àwọn kì í gbà á padà. Ṣọ́ọ̀bù wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ibi tí ọkọ̀ dúró sí fún mi lójoojúmọ́. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ń jẹ owó lóṣooṣù. Àwọn èrò mi tó máa ń pè mí láàárọ̀ kùtù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọn ò sì padà mọ́, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìjẹ̀bú dúró. Gbogbo àwọn ọ̀gá onísẹ́tífíkéètì wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo nọ́ńbà ṣáásì.

Mẹkáníìkì kan, ọmọ Pólándì, bàbá àgbà, ló wò ó. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní kí n padà lọ ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ tí wọ́n tú páàtì lára ẹ̀. Ó ka lẹ́tà àti nọ́ńbà dé ìkẹwàá, 3 ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n lọ wá ti 1998 sí 2002, èyíkéyìí nínú wọn, orúkọ yòówù kó máa jẹ́. Grand Marquis 1999 la rí, lówà áàmù ẹ̀ àti irin sítíárìn ẹ̀ wọ Town Car mi wẹ́rẹ́. Ṣẹ́ẹ̀ rí i báyìí? Orúkọ tó yàtọ̀ ò dí wa lọ́wọ́, ìran ló ń dí èèyàn lọ́wọ́.

Torí náà wo nọ́ńbà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣáásì, ọdún ọkọ̀ ló ń sọ. 1 ni 2001, 2 ni 2002, 3 ni 2003, W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000. Tó o bá rí P71 nínú nọ́ńbà náà, ti ọlọ́pàá ni, P72 ni ti takisí àtàwọn oníṣòwò. Mi ò ní sọ pé kó o má ra ti ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn máa ń dúró sójú kan fún wákàtí àti wákàtí tí ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́, máìlì tó wà lójú pátákó ò sọ gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe.

Rímù ńkọ́, nọ́ọ̀tì márùn-ún ni gbogbo wọn, ó sì ń bára mu, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Rímù 2003 sókè máa ń wọlé jù lára ti 2002 sẹ́yìn. Máà rà á.

Grand Marquis 2001 tìẹ ńkọ́, wo ìńtéèkì (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé) tó wà lórí ẹ́ńjìnnì kó o tó sanwó. Lórí 4.6 ọdún 1996 sí 2001, ike ni gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tí omi radiétọ̀ ń gbà kọjá níwájú, ibẹ̀ máa ń sán, omi á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́tánétọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé kóòtù ní Amẹ́ríkà níbí, Ford sì fi kún àkókò wárántì páàtì yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti parí. Èyí tó dáa ni èyí tí wọ́n ti pààrọ̀, tí ọ̀nà omi iwájú ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí mẹkáníìkì bá wo omi tó ń jò tó sì sọ fún ọ pé gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, kó tó tan tọ́ọ̀ṣì wo ibẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Ẹ̀yin tó wà ní ìlú òtútù bíi tiwa, ẹ fi òòlù kan férémù lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó rà á, iyọ̀ ojú títì ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń ra 2003 sí 2005, ẹ tan iná iwájú kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, módù tó ń darí iná yẹn máa ń kú lójijì, lóru, lórí ìrìn.

Ẹ́ńjìnnì 2004 yẹn, ìyẹn lè wúlò fún ọ. 2001 ni wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì tuntun tó lágbára sí 4.6 inú Panther, 2004 sì ṣì ń lo okùn wáyà láti ibi àtẹ̀ẹ́sẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì bíi tìẹ. Láti 2005 ló ti di ti kọ̀ǹpútà, ìyẹn ò ní gbọ́ ti bréènì bọ́kísì (kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀) tìẹ. Ilẹ̀kùn Crown Victoria 1998 sókè sábà máa ń wọ Grand Marquis, gíláàsì náà. Gíà, 4R70W ni tìẹ, ti ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń di 4R75, má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹni tó mọ gíà yẹn ló fẹ́ ṣe é. Sítíárìn, áàmù, ṣọ́kì iwájú, rímù: fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ torí páàtì iwájú lo ṣe fẹ́ kó ọkọ̀ méjèèjì, jẹ́ kó ta 2001 nìkan fún ọ, kó yọ owó 2004 kúrò níbẹ̀. Ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásì méjèèjì ránṣẹ́ síbí kó o tó lọ sanwó, kó o fi ìka bo nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn.