Iṣẹ́ alẹ́ ti da ọ̀sẹ̀ wa rú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ní Àbújá la ti kó wá sí Leeds ní Ìlú Ọba, àwọn ìbejì mi sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láràárọ̀ Sátidé, olùkọ́ kan ní Kubwa máa ń kọ́ wọn ní Yorùbá lórí WhatsApp, lẹ́yìn náà ni wọ́n á bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù ló kan lọ́sàn-án, Sọ́ńdè sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti wá gbé mi sí iṣẹ́ alẹ́ Fúráìdè àti Sátidé. Tí mo bá délé láàárọ̀, oorun ni. Gbogbo ètò ti dàrú. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Mo ti mọ èyí tí ẹ máa fi sílẹ̀: ìyá yín ni. Kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ràn wọn. Kóòṣì bọ́ọ̀lù á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tí ọmọ bá pa á jẹ. Ará ṣọ́ọ̀ṣì á béèrè yín. Ìyá yín á ní, "Kò burú, ẹ sinmi, iṣẹ́ yín le." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá dàrú, ẹni tí kò ní bínú la kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò.

Bó ṣe rí nílé wa ní Brampton, ní Kánádà, nìyẹn. Kubwa ni ìyá mi, Alhaja, náà ń gbé. Kàdúná ni wọ́n ti ń tajà tẹ́lẹ̀, rògbòdìyàn ọdún 2000 ló lé wọn wá sí Àbújá. Aago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè tiwọn, tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì, la máa ń pè. Nígbà ooru, aago mẹ́ta ọ̀sán nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Tó bá di oṣù kọkànlá tí ará ibí yí aago wọn padà, ó di aago méjì, torí Nàìjíríà kì í yí tiwọn. Wákàtí kan yẹn ló kọ́kọ́ dà á rú. Lẹ́yìn náà ni mo gba iṣẹ́ Sọ́ńdè. Mi ò ní tọrọ àforíjì fún un o, owó ilé ò gbọ́ Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìpè tá a máa ń jókòó ṣe di ti inú mọ́tò. Màá máa sọ fún ọmọkùnrin mi látiwájú pé: "Sọ pé ẹ kú alẹ́ mà. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó tó, gbé e fún mi." Ó mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, inú Alhaja sì máa ń dùn.

Nígbà tá a lọ sílé, mo ní nǹkan ṣe ní báǹkì ní Wuse, mo bá fi òun àti Alhaja sílẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀nà Kubwa ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́. Òòyì kọ́ Alhaja nínú ilé ìdáná, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n pe ọmọ náà. Wọ́n ní kó sáré lọ pe obìnrin tó ń ta kósé, àkàrà àwọn Háúsá, lẹ́nu géètì. Ọmọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó padà sídìí géèmù. Wọ́n tún pè é. "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ọlọ́run ló ní kí obìnrin náà wá dá abọ́ tó yá padà, òun ló bá wọn nílẹ̀. Háúsá ni Alhaja fi ṣàlàyé fún un. Ara wọn ti ń yá kí n tó dé, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó fà á. Alhaja máa ń fi sọ àwàdà: "Ọmọ tó gbọ́ràn ni, kì í jiyàn." Èmi ò tíì lè bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ náà ti dàgbà díẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òkè òkun ló fà á. Gwarinpa ni àwọn ọmọ àbúrò mi wà, wọn ò jìnnà sí Alhaja rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí wọn. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ló lè fi Háúsá ra súyà. Ta ló ń bá òbí tiwọn wí?

Ẹ má gbìyànjú láti tún gbogbo Sátidé tò. Ẹ sùn. Ẹni tó ti iṣẹ́ alẹ́ dé tó tún wakọ̀ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín gbé wọn lọ. Kí ìyá yín fúnra wọn máa pe àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá ń sùn, ẹ kàn máa ra dátà sí fóònù wọn. Kí ẹ má sí nítòsí dára, torí tí ẹ bá wà níbẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa dáhùn. Kí màmá sì máa bi wọ́n ní ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni mà" ò lè dáhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́, màmá á gbọ́ ọ tí iná bá dé. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí ni mí, mi ò dá sí i.

Ní ti olùkọ́ yẹn, aago Leeds àti ti Kubwa bára mu nígbà ooru, wákàtí kan péré ló sì wà láàárín wọn nígbà òtútù. Ẹ bi í bóyá ó lè gbà wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Tó bá ṣì láyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba nọ́ńbà rẹ̀. Mo ṣì ní ọmọ ọdún mẹ́fà kan nílé.