Ìbòmú ò lè sọ etí òkun di orí òkè

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ sá eré 100 máìlì ti Leadville ní Colorado, Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ etí òkun ni mò ń gbé. Wọ́n ní ìbòmú kan wà téèyàn ń wọ̀ sáré kí afẹ́fẹ́ orí òkè lè mọ́ ọn lára. Wákàtí mélòó ni kí n máa wọ̀ ọ́ lójúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ̀ ọ́ rárá. Ìbéèrè yìí ń wá lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú pé wọ́n ń fi gbólóhùn dídùn gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìyànjú.

Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀: nǹkan bí 21 nínú 100 ni létí òkun, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òkè. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ mọ́ nǹkan ló ń dín kù bí a ṣe ń gòkè. Ní 3,000 mítà, nǹkan bí 70 nínú 100 agbára ti etí òkun ló kù, ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn fi ń ṣòro láti ti inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìbòmú kò kan ìyẹn. Ihò rẹ̀ tó há ló ń mú kí mímí le, àmọ́ afẹ́fẹ́ etí òkun náà lẹ ṣì ń fà símú. Iṣan tí ẹ fi ń mí lè lágbára díẹ̀ sí i; ẹ̀jẹ̀ yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Eré yín á tún falẹ̀, ẹsẹ̀ á sì pàdánù iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

Bí ọ́síjìn bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru ni kíndìnrín ń tú EPO jáde, ìyẹn omi ìsọfúnni tó ń sọ fún ara pé kó pèsè ẹ̀jẹ̀, tí mùdùnmúdùn inú eegun sì ń pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri sí i. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nìyẹn. Ìlú Leadville ga ju 3,000 mítà lọ, Hope Pass, ọ̀nà orí òkè tí ẹ máa gbà lẹ́ẹ̀mejì nínú eré náà, sì tó 3,800 mítà. Bí àyè bá wà, ẹ dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ferritin yín wò, ìyẹn irin tí ara fi pamọ́. Ẹ má kàn máa lo oògùn irin láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Bí àyè ò bá sí, ẹ kọjú sí itan yín. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fọ́ ọ, torí iṣan ń nà bó ṣe ń dá ara dúró. Ẹ máa sá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá a dúró bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú. Lọ́jọ́ eré, bí ẹ ò bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ máa rìn.

N kò yẹ̀ yín wò, nítorí náà dókítà yín ló máa sọ bóyá kí ẹ lo acetazolamide, oògùn tó ń dènà àìsàn orí òkè. Ẹ fi ibuprofen, oògùn ara ríro, sílẹ̀ lọ́jọ́ eré nítorí kíndìnrín. Bí orí bá ń fọ́ yín tí ẹ sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí mímí ṣòro nígbà tí ẹ jókòó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.