Ológbò tó ń jí èèyàn ní ìdájí, àti lẹ́tà júrì tó dé bá a

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àìsùn o, Ọlọ́run á bá wa mú un rọrùn. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ pé ológbò yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn kọjá aago 4 ìdájí mọ́, pé lẹ́tà kóòtù sì ti dé pé kẹ́ ẹ wá ṣe júrì, ìyẹn kẹ́ ẹ wà lára àwọn ará ìlú tí kóòtù máa ń pè kí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n sì dá a, lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí ìsinsìnyí, ẹ̀rù wá ń bà yín pé ẹ máa lọ sùn síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà ti ṣe júrì rí ní Amẹ́ríkà níbí, ẹjọ́ ọ̀daràn ni, ológbò tó ń jí mi sì wà nílé nígbà yẹn, torí náà ọ̀rọ̀ yín yé mi dénú eegun, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ológbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, alẹ́ òní gan-an sì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí kóòtù bá ku ọ̀la, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń kọ́kọ́ le sí i kó tó rọ̀. Ológbò kì í ṣe ẹran ọ̀sán, kì í sì í ṣe ẹran òru pátápátá, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ẹ̀ máa ń yá jù nítorí ìgbà yẹn ni eku àtẹyẹ máa ń rìn, ikùn ẹ̀ sì kéré, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹun lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Kò yájú sí yín o, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Àmọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ló ń pè, tó jẹ́ àyà yín ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni pé ó ti mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti dìde, abọ́ á kún. Ohun tó so ìdìde yín pọ̀ mọ́ oúnjẹ ẹ̀ yẹn lẹ gbọ́dọ̀ já.

Ohun tó bá mi já a ni ẹ̀rọ abọ́ tó ní táímà, èyí tó máa ń ṣí fúnra ẹ̀ tóúnjẹ á bọ́ sílẹ̀. Ẹ má gbé e sínú yàrá yín, ẹ gbé e síbi tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ aago 4 ló ń jí yín, ẹ kọ́kọ́ sètò ẹ̀ sí aago 4 ku ìṣẹ́jú 15, kóúnjẹ ti wà ńlẹ̀ kó tó rántí yín rárá. Tó bá ti mọ́ ọn lára pé ẹ̀rọ lòun máa dúró dè, ẹ wá máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, títí á fi dé aago tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ jí. Ẹ má kánjú sún un. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́, aago 4 ni wọ́n ti gbé e lọ sí aago 7 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹran ò sì lè gba irú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ sùn lálẹ́ ẹ bá a ṣeré dáadáa, okùn tàbí nǹkan oníyẹ̀ẹ́ tó lè máa lé kó sì mú, kó sáré títí kó fi mí hẹlẹ, ìgbà yẹn lẹ máa wá fún un lóúnjẹ alẹ́ ẹ̀. Ológbò tó bá ti lé nǹkan mú tó sì ti jẹun, á lá ara ẹ̀, á wá lọ sùn. Ẹ má yí i padà o, ẹ má fún un lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó bá a ṣeré.

Èyí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ ò ní dìde mọ́, ẹ má dìde, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má tì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tìbínútìbínú, torí ìbínú yín pàápàá, ó ti jẹ́ kó rí i pé ẹ dá òun lóhùn. Ariwo ẹ̀ máa pọ̀ sí i, á ha ilẹ̀kùn, á ti nǹkan ṣubú, á ké bí ọmọ tuntun, ẹ máa rò pé ẹ ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ló kù díẹ̀ kó jáwọ́. Tẹ́ ẹ bá fara dà á fún ọjọ́ mẹ́rin, tẹ́ ẹ wá dìde lọ́jọ́ karùn-ún torí ó ti sú yín, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa pariwo fọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn, kò sì ní gbàgbé. Mo bẹ̀ yín, tó bá jẹ́ ẹni méjì lẹ jọ ń gbélé, ẹ jọ ṣàdéhùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣàánú ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà yìí ò wà fún ẹran tó ń ṣàìsàn o. Ológbò àgbà tí kì í jí yín tẹ́lẹ̀ tó kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru, tó ń jẹun gan-an síbẹ̀ tó ń rù, tàbí tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó lọ. Ó lè jẹ́ àìsàn thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ẹ̀ pátá ló wọ́pọ̀ lára ológbò tó ti dàgbà, wọ́n sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń béèrè nípa ajá lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín yẹn náà, ti ajá yàtọ̀. Ọmọ ajá ò lè di ìtọ̀ mú títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ mú un jáde ni, àmọ́ ẹ má tan iná rẹpẹtẹ, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má bá a ṣeré, kó tọ̀ kẹ́ ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kó má lọ rò pé ilẹ̀ ti mọ́.

Tiyín wá ńkọ́. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán, oorun àárọ̀ tí ológbò ń gbà lọ́wọ́ yín yẹn kì í sì í ṣe oorun lásán, torí oorun tí èèyàn fi ń lálàá, ọwọ́ ìdájí ló máa ń pọ̀ jù, òun ló sì ń bá wa tọ́jú ọ̀rọ̀ tá a gbọ́ sórí, tó tún ń jẹ́ kára wa balẹ̀. Èèyàn lè lọ sùn láago 9 kó sì jí láago 4 kó ní òun ti sùn tó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aago 12 lẹ̀ ń sùn, tó wá ń jí yín láago 4, gbèsè lẹ̀ ń jẹ. Àwọn tó ti wádìí ẹ̀ rí i pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún nǹkan bíi wákàtí 17, ọpọlọ ẹ̀ máa ń falẹ̀ bíi tẹni tó ti mu ọtí díẹ̀. Ẹ ronú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí àga júrì. Torí náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí ẹ máa sùn ṣíwájú ìgbà tẹ́ ẹ máa ń sùn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa jí ní aago kan náà, tó fi mọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Kọ́tìnnì tó dúdú máa ràn yín lọ́wọ́. Kọfí, ẹ ṣe é mọ sí àárọ̀, torí lẹ́yìn wákàtí 5 ìdajì ẹ̀ ṣì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá jẹ́ ṣíìfù òru lẹ̀ ń ṣe, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ òru kẹ́ ẹ sì wọ kóòtù láàárọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ náà.

Ní ti lẹ́tà yẹn, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ẹ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ kẹ́ ẹ dá a padà, torí ẹni tó bá dákẹ́, kóòtù lè pè é wá ṣàlàyé, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ọ̀pọ̀ kóòtù ló máa ń gbà kẹ́ ẹ sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tètè béèrè, wọ́n sì máa ń ní nọ́ńbà tàbí wẹ́ẹ̀bù kan tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò lálẹ́ tó ṣíwájú láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì nílò yín, torí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ni kì í dé orí ẹjọ́ rárá. Tó bá jẹ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni, dọ́là 50 ni wọ́n ń san lójúmọ́, òfin tí wọ́n ṣe ní 1978 ò sì gbà kí ẹni tó gbà yín síṣẹ́ lé yín torí ẹ lọ ṣe júrì níbẹ̀. Kóòtù ìpínlẹ̀ ní tiwọn, ẹ ka ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn dáadáa. Tí adájọ́ àtàwọn lọ́yà bá wá ń bi yín ní ìbéèrè kí wọ́n tó yàn yín, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Tẹ́ ẹ bá ní àìsàn oorun, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn tó ń mú kéèyàn máa tòògbé, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ ọ́, kẹ́ ẹ mú lẹ́tà dókítà dání.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun kan tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ oorun yìí ní òkúnkúndùn, òun sì ni mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ níbí. Ní 1987, Kóòtù Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tanner v. United States. Àwọn kan nínú júrì wá sọ lẹ́yìn ìdájọ́ pé nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, àwọn kan ń mutí, àwọn kan ń lo oògùn olóró, àwọn míì ń sùn lọ́sàn-án. Kóòtù ní rárá, àwọn ò ní gba ẹ̀rí ọmọ júrì nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti fi tú ìdájọ́ ká lẹ́yìn tó ti jáde. Wọ́n ní ààbò tó wà ńbẹ̀ ni pé adájọ́ ń wò, lọ́yà ń wò, òṣìṣẹ́ kóòtù ń wò, àwọn ọmọ júrì fúnra wọn sì lè sọ ọ́ kí wọ́n tó dájọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Kẹ́ ẹ tó dájọ́ ni o. Téèyàn bá ti sùn kọjá níbi tí ẹlẹ́rìí ti ń sọ ohun tó ṣe pàtàkì, tó wá gbé ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n ń dìbò nínú yàrá, ó ti bọ́ nìyẹn. Láti 2020, ìdájọ́ Ramos v. Louisiana tí kóòtù yẹn kan náà dá sì ti mú kó di dandan pé kí gbogbo ọmọ júrì fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó lè ní ẹnì kan jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ní kóòtù ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà orí kọ̀ọ̀kan tó jókòó síbẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má tijú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń le jù, yàrá á móoru, wọ́n á máa ka àkọsílẹ̀ fóònù àti déètì lọ rẹrẹẹrẹ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹni tó jókòó tì mí lórí ẹjọ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí, mo rí i pé oorun ti gbé e. Nígbà tá a gba ìsinmi, mo sọ fún òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mójú tó wa, òun náà sọ fún adájọ́, láti ọjọ́ yẹn wọ́n ń fún wa láyè láti dìde na ara lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó dójú ti ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ yẹn lẹ máa sọ fún, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìwé sí adájọ́, ẹ má lọ bá lọ́yà kankan, wọn ò gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ júrì àfikún tó lè rọ́pò ẹni tí kò bá lè ṣe é mọ́ máa ń wà lọ́pọ̀ ẹjọ́, torí náà tí ara yín bá kọ̀ pátápátá, ẹjọ́ ò ní torí ẹ̀ bàjẹ́. Tí adájọ́ bá gbà kẹ́ ẹ kọ nǹkan sílẹ̀, ẹ máa kọ ọ́, ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kójú pa dé. Ẹ jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó fúyẹ́. Èmi máa ń lo ìsinmi ọ̀sán láti sùn fún ìṣẹ́jú 20 nínú mọ́tò, pẹ̀lú àláàmù o, torí tó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ èèyàn á jí tòun ti oorun lójú.

Ohun tí mi ò retí ni pé ẹjọ́ fúnra ẹ̀ máa gba oorun mi. Ológbò ti dákẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, èmi ni mò ń jí láago 4 tí mò ń ro ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ bá ìyàwó tàbí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ sọ ọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ wá a lórí Google, gbogbo ẹ̀ á wà nínú ikùn yín títí wọ́n á fi dá yín sílẹ̀. Ó wúwo, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n rìn síta kí ilẹ̀ tó ṣú tí mo bá ti dé láti kóòtù, kí n rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, kí n sì bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ nípa nǹkan míì pátápátá. Lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ lè sọ ọ́ àyàfi tí adájọ́ bá ní kẹ́ ẹ má sọ ọ́, kóòtù míì tiẹ̀ máa ń ṣètò ẹni tó máa bá àwọn ọmọ júrì sọ̀rọ̀ tí ẹjọ́ bá burú, ẹ béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ orí ológbò yín fún mi, àti bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń jí yín tàbí ṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti lé lọ́dún 10 tó sì jẹ́ pé oṣù yìí ló bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí.